Bàtá, Ìbàdí, Abẹ̀bẹ̀ tàbí Òpó: Èwo Ni Kí Obìnrin Tó Fẹ́ Fi Ijó Ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo Mú?

Obìnrin tó bá sọ nílé pé òun fẹ́ máa fi ijó jẹun, wọn ò ní ṣàì bi í pé, "Irú aṣọ wo lo máa wọ̀ jó?" Ìbéèrè òbí nìyẹn, a ò sì bú wọn. Àmọ́ ẹni tó bá tọ ìtàn ijó obìnrin lórí ìtàgé lọ sẹ́yìn díẹ̀ á rí ìbéèrè míì tó wúwo jù ú lọ: ta ló ń gba owó ẹnu ọ̀nà, ta ló sì lè sọ pé "ó tó" kí ìlù dákẹ́? Obìnrin ti wọ aṣọ tó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀ jó, tí owó rẹ̀ wọ àpò ẹlòmíì. Obìnrin sì ti gbé abẹ̀bẹ̀ méjì péré jó, tó fi owó rẹ̀ ra ilé ijó tirẹ̀.

Ijó mẹ́rin la fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n: bàtá àti dùndún tiwa, ijó ìbàdí àwọn ará Íjíbítì, tí wọ́n ń pè ní raqs sharqi, ijó abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ tó ti inú burlesque (eré ẹ̀fẹ̀ àti ijó obìnrin ilẹ̀ òyìnbó) jáde, àti ijó òpó. Àgbà obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe la ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọdé.

Ohun tá a fi wọ̀n wọ́n

Owó ló ṣáájú, ọ̀nà méjì ló sì pín sí: èyí tó máa jáde kẹ́ ẹ tó gorí ìtàgé, àti èyí tí á máa jáde ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́. Ẹni tí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ máa ń rò pé ijó tó wọ́n ni kò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ṣé ijó ọ̀hún ṣeé gbára lé? Bí òjò bá dé, bí iná bá lọ, bí ẹnì kan bá já yín kulẹ̀, ṣé ẹ ṣì lè jó? Ẹ̀kẹta ni ara, pàápàá ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, orúnkún àti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀kẹrin, ta ló máa pè yín sí òde ní Òṣogbo? Ìkarùn-ún ni ìjánu, ìyẹn ọwọ́ ẹni tí owó, aṣọ àti àsìkò ijó wà. Ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Bàtá àti dùndún

Ìlù bàtá tó pé ní ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Dùndún ní ìyáàlù tirẹ̀, pẹ̀lú kẹríkẹrì, gángan, ìsáájú àti gúdúgúdú. Oníjó kì í ka ẹsẹ̀ ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ohun tí ìyáàlù bá sọ ni ẹ̀jìká àti orúnkún ń dá lóhùn. Orúnkún á rọ̀, ìdí á rẹlẹ̀, àyà á tẹ̀ síwájú, ẹ̀jìká á máa já bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù síni lẹ́yìn.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọ̀kan ni kí orúnkún gan. Bí orúnkún bá gan, ẹ̀yìn ló máa gba gbogbo jìgìjìgì náà, kò sì ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Èkejì ni kí ènìyàn há ijó sórí láìfetí sí ìlù. Onílù á yí i, òun á ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní ìlú míì, wọ́n lè má mọ̀. Ní Òṣogbo, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí á mọ̀.

Aṣọ kò wọ́n. Ìlú àdìrẹ lẹ wà: ìró, bùbá tàbí àmúre àyà, ọ̀já líle tí yóò di ìró mú (ìró tó bá tú lójú agbo ti ba ijó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́), pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ọwọ́. Onílù ni owó ń bá lọ. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́rin ni, wọ́n sì ń gbowó ní gbogbo òde, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Lásìkò òjò, awọ ìlù máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, wọ́n á sì ní láti sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná kó tó dún dáadáa. Ẹ fi wákàtí kan kún àsìkò tẹ́ ẹ máa dé òde nítorí èyí. Ohun kan wà tí bàtá fi ju gbogbo ìyókù lọ: iná lè lọ, ẹ̀rọ amúnáwá lè kú, ijó ò ní dúró.

Iṣẹ́ pọ̀ fún un: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè, àti inú oṣù Ògọ́ọ̀sì nígbà tí àlejò bá kún ìlú nítorí ọdún Ọ̀ṣun. Àjọ UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé láti ọdún 2005, àlejò tó ń wá kò sì wá wo ohun tí wọ́n ní nílé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti arugbá ṣe àwòṣe ijó òde. Ìjọsìn nìyẹn, kì í ṣe eré.

Wàyí o, ìjánu. Ìtàn tiwa níbí kò mọ́ tó bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, agbára àwọn ìyá ni wọ́n ń júbà, ọkùnrin ló sì ń gbé e jó pẹ̀lú ọmú igi àti ìdí àfiṣe. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945, obìnrin kò fẹ́ gorí ìtàgé nítorí orúkọ tí wọ́n máa sọ wọ́n. Ó di kó polówó pé òun ń wá akọ̀wé obìnrin. Ìgbà tí wọ́n dé ló tó sọ iṣẹ́ gan-an. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣaya, kí wọ́n má bàa lọ. Lọ́dún 1978, ní Èkó, Fela gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ oníjó àti olórin rẹ̀. Àwọn kan ní ààbò ni. Ó lè jẹ́ ààbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ tún jẹ́ ọkọ rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ béèrè owó oṣù?

Òṣogbo ní àpẹẹrẹ tó dára díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ilé ọtí Popular Bar tí Duro Ladipo ní ló di Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré ìtàgé, lọ́dún 1962. Nínú eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ló ṣe Ọya, tí ẹgbẹ́ náà sì gbé eré dé Berlin lọ́dún 1964. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní yára sọ pé ibi ọtí kò lè bí ìtàgé gidi.

Lónìí, ibi tí ìjánu ti ń bọ́ lọ́wọ́ oníjó bàtá ni owó tí wọ́n ń fọ́n. Olórí ẹgbẹ́ tàbí onílù á kó o, á sì pín in bó ṣe wù ú. Ẹ fẹnu kò sórí ìpín kí ọkọ̀ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì yan ẹnì kan tí yóò gbé àpò. Ẹ rántí òfin náà pẹ̀lú: òfin báńkì àpapọ̀ ọdún 2007, ìpín 21, ka fífọ́n náírà àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Iye tí wọ́n máa san fún ijó ni kẹ́ ẹ dá, kẹ́ ẹ gbà á sí àkáǹtì; ohun tó bá ti òde wá lé e lórí, kí wọ́n fi sínú àpòòwé.

Ijó ìbàdí

Níbí ni ìtàn ti dùn jù. Lọ́dún 1834, Muhammad Ali tó ń ṣàkóso Íjíbítì lé àwọn oníjó obìnrin tí wọ́n ń pè ní ghawazi kúrò ní Kàírò lọ sí apá gúúsù. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi gba ipò wọn, tí wọ́n ń jó ijó kan náà nínú aṣọ tó jọ ti obìnrin. Nípa bẹ́ẹ̀, ijó kọ́ ni wọ́n lé. Ẹni tó ń fi í jẹun ni wọ́n lé. Lọ́dún 1893, wọ́n gbé ijó náà dé ibi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, àwọn Amẹ́ríkà fi orúkọ ikùn pè é, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Wọ́n ń ta ìwé ìwọlé, wọ́n sì ń bú oníjó.

Ẹni tó yí i padà ni Badia Masabni, obìnrin oníjó kan. Lọ́dún 1926, ó ṣí ilé ijó tirẹ̀ ní Kàírò. Òun ló ni ibẹ̀, òun ló ń yan akọrin, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Samia Gamal àti Tahia Carioca tí gbogbo ayé mọ̀ nínú sinimá, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ìtàgé rẹ̀ fẹ̀ ju gbàgede ilé lọ, ló fi jẹ́ pé ijó tó ti ń dúró lójú kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọwọ́ ń gòkè, aṣọ fẹ́lẹ́ ń fò. Aṣọ bíi bodì, bẹ́líìtì àti síkẹ́ẹ̀tì gígùn tí ẹ ń rí lára wọn dòní, irú ilé ijó bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ohun tó pọ̀ ni ó yí padà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ilé bọ́ sọ́wọ́ obìnrin.

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí fún láti kékeré ti mọ ohun tí bẹ́líìtì oníṣílè àwọn ará Kàírò ń ṣe: ó ń jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí ojú ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ní ìdíwọ́ kan. Nínú bàtá, ìdí máa ń yọ sẹ́yìn. Nínú ìbàdí, ègúngún ìdí máa ń kọjú sílẹ̀, àyà á nà, ikùn ìsàlẹ̀ á di ẹ̀yìn mú. Oníjó bàtá tó gbé ìdúró rẹ̀ wọ ìbàdí láìyí i á ká ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, yíyí ìbàdí bí ẹni ń kọ 8 sílẹ̀, kí àyà má mì. Èkejì, jíjá ìbàdí kan sílẹ̀: ìwọ̀n ara wà lórí ẹsẹ̀ kan, èkejì fi orí ìka tẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, gbígbọ̀n. Gbígbọ̀n yìí, orúnkún ló ti ń wá: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kí ìdí má fi agbára ṣe ohunkóhun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ fi díẹ̀díẹ̀ dé mẹ́ta. Bí itan bá le bí igi, ẹ ti ń fi agbára ṣe é nìyẹn. Ìlù rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, maqsum, mẹ́jọ ni ìkà rẹ̀: dùm tẹ̀k, sinmi, tẹ̀k, dùm, sinmi, tẹ̀k, sinmi. Etí tó ti mọ́ dùndún máa ń fẹ́ pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta; ẹ fi ọwọ́ pa á lórí tábìlì títí yóò fi wọ ara.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Aṣọ ìdí oníṣílè, ẹ lè rán an fúnra yín. Aṣọ fífò gùn tó yáàdì mẹ́ta. Sílíkì fẹ́lẹ́ máa ń léfòó, chiffon olówó pọ́ọ́kú máa ń já lulẹ̀ bí aṣọ tútù. Sagat, ìyẹn agogo ìka, mẹ́rin ni: méjì ní ọwọ́ kan, ọ̀kan ní àtàǹpàkò, ọ̀kan ní ìka àárín. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fò sínú abọ́ ìrẹsì àlejò.

Ènìyàn kan lè dá a ṣe pẹ̀lú fóònù àti sípíkà tó ní bátìrì, kò sí onílù tí ẹ máa sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń wọ ọwọ́ oníjó fúnra rẹ̀. Àìdára rẹ̀ ni pé olùkọ́ gidi ṣòroó rí nítòsí. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ọ, fídíò kì í sì í sọ fúnni pé ẹ̀yìn ti ká. Ẹ gbé jígí gígùn síwájú, kẹ́ ẹ tún ya ara yín láti ẹ̀gbẹ́. Ní Òṣogbo, ìpàdé àwọn obìnrin níkan, ọjọ́ ìbí àti ìtàgé àṣà ló bá a mu. Bí wọ́n bá pè yín sí ilé tó jẹ́ ti mùsùlùmí tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn, ẹ béèrè bóyá obìnrin níkan ló máa wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba owó àsansílẹ̀.

Ijó abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́

Burlesque tí ẹgbẹ́ Lydia Thompson, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé lọ sí New York lọ́dún 1868 kì í ṣe ijó bíbọ́ aṣọ. Eré ẹ̀fẹ̀ ni: obìnrin wọ ṣòkòtò pénpé, ó ṣe bí ọkùnrin, ó fi àwọn olówó ṣẹ̀sín. Thompson fúnra rẹ̀ ló léwájú ẹgbẹ́ náà. Bíbọ́ aṣọ ìgbà tó yá ló dé, nígbà tí ilé ijó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń wá èrè kíákíá. Síbẹ̀ Gypsy Rose Lee, oníjó burlesque ará Amẹ́ríkà, fi ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo àti ọ̀rọ̀ ẹnu dá ènìyàn dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún jù.

Sally Rand, oníjó ará Amẹ́ríkà, ló gbé abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò jáde níbi ìpàtẹ Chicago ọdún 1933. Ọlọ́pàá mú un léraléra, èrò sì ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1936, ó ra ilé ijó kan ní San Francisco. Josephine Baker, oníjó aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, náà yẹ ní dídárúkọ: ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó dé ìtàgé Párísì lọ́dún 1925. Síkẹ́ẹ̀tì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e bá èrò tí àwọn aláwọ̀ funfun ní nípa Áfíríkà mu, kò sì yẹ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó lókìkí tán, ó kọ̀ láti jó níbi tí wọ́n bá ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2021, wọ́n fún un ní àyè ní Panthéon, ibi tí ilẹ̀ Faransé ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Òfin ijó abẹ̀bẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: abẹ̀bẹ̀ kan kì í kúrò níwájú àfi bí èkejì bá ti dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jó o lónìí, aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara wà lábẹ́, ojú èrò ló ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìyẹ́ ògòǹgò wọ́n, òun ló sì gba owó jù nínú ijó yìí. Ìyẹ́ tòlótòló rọrùn lówó, ṣùgbọ́n ó gan, kì í dà bí omi. Ọrùn ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀; ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ fi máa gbáradì. Ẹ bẹ àwọn onígbọ̀ngàn kí wọ́n pa fáànù òkè, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí ìyẹ́ síbi tẹ́ ẹ ò fẹ́. Lásìkò òjò, ẹ so abẹ̀bẹ̀ kọ́, ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Ìyẹ́ tó bá bu, bàjẹ́ ló máa bàjẹ́.

Òde tó ń wá a ní Òṣogbo kò tíì pọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ló lè fi í jẹun, níbi eré apanilẹ́rìn-ín àti àfihàn aṣọ ìgbàlódé.

Ijó òpó

Àwọn ọkùnrin Íńdíà ti ń gun òpó igi nínú mallakhamb tipẹ́, àwọn ará Ṣáínà náà ní òpó wọn nínú sákọ́ọ̀sì. Ilé ijó alẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló fi obìnrin sí i, kó tó di ohun tí wọ́n ń kọ́ láàárọ̀ fún eré ìdárayá. Lọ́dún 2009, wọ́n dá àjọ àgbáyé rẹ̀ sílẹ̀, òpó ìdíje rẹ̀ sì jẹ́ 45 mm ní fífẹ̀.

Nípa ìjánu, àwọn oníjó Lusty Lady, ilé ijó ìhòhò kan ní San Francisco, kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó bí wọn nínú ni gíláàsì tí oníbàárà lè máa gbà yà wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Wọ́n dìbò láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1996, wọ́n bá ọ̀gá tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1997, nígbà tó sì di 2003 wọ́n ra okòwò ilé ijó náà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó ti pa lọ́dún 2013, àmọ́ nínú àwọn ìtàn tá a sọ yìí, òun nìkan ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lásán ti di ọ̀gá ara wọn. Lónìí, fóònù ni gíláàsì yẹn. Nínú ijó èyíkéyìí, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tó lè yà yín àti ibi tó lè gbé e sí.

Ní Òṣogbo, ohun tó ń dá ijó òpó dúró ni àjà. Òpó tí wọ́n ń fún mọ́ àárín ilẹ̀ àti òkè nílò dẹ́kìn kọnkéré tàbí igi àjà tó lágbára. Àjà PVC tàbí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì á ya, oníjó á sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Gíga tó 2.7 m sí 3 m ló dára. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi páìpù omi rọ́pò rẹ̀: páìpù ínǹṣì méjì, 60.3 mm ni lóde, ìka kò ní ká a. Ti ínǹṣì kan ààbọ̀, 48.3 mm, ìka lè ká a, ṣùgbọ́n ara páìpù gálífáníìsì máa ń họ awọ. Ibùsùn ìṣubú tó nípọn tó 10 cm kò ṣeé yọ sílẹ̀.

Aṣọ pénpé tí wọ́n ń wọ̀ ní ìdí: awọ ara ló ń di òpó mú, aṣọ máa ń yọ̀. Nítorí náà, láti àná ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi òrí, àdí tàbí ìpara kankan kan itan àti ọwọ́. Ẹ fi sípíríìtì nu òpó láàárín oníjó kan sí èkejì. Bí iná bá lọ tí fáànù kú, òógùn á sọ òpó di ẹja àrọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀. Lílà pupa àti ìdúdú lára wọ́pọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ìrora inú ìgúnpá tàbí ẹ̀jìká ni kò yẹ kẹ́ ẹ fojú fò.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó nílò owó láàárín oṣù mẹ́ta, tó sì ní ẹgbẹ́ onílù tó fọkàn tán, kó mú bàtá àti dùndún. Kò sí èyí tó ń rí òde tó o ní ìlú yìí. Ẹni tó fẹ́ dá dúró, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka owó rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbàdí ló bá a mu, pàápàá bó bá ti lé ní ẹni ogójì ọdún, nítorí kò sí fífò nínú rẹ̀. Òun náà la ó mú fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní kò séwu.

Abẹ̀bẹ̀ wà fún òṣèré tó ti ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́, tó fẹ́ fi kún eré rẹ̀. Kó má fi í bẹ̀rẹ̀ ayé. Òpó wà fún ẹni tó fẹ́ okun apá tó sì ní yàrá tó ní dẹ́kìn. Gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá obìnrin, ó lè mówó wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ijó òde ní Òṣogbo, kò tíì sí ẹni tó ń pè é.

Bí ẹ bá ti ń jó bàtá tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi ìbàdí kún un, ẹ má kọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúró méjèèjì.